Àdápadà Inú Sípíkà

"Jẹ̀dí-jẹ̀dí tó ń mú yín nídìí, tí ẹ ò lè jókòó, tí ẹ ò lè dìde, ẹ wá gba—"

Ibẹ̀ ni sípíkà Hàwáwù ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dún pàù! Ó ha kàrà-kàrà bí eku inú páálí, ó sì dákẹ́. Èéfín tín-ín-rín yọ lábẹ́ pépà ojú rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n bí ohùn bá ń jáde, ó gba iwájú àwọn oníbàárà kọjá lọ.

Hàwáwù na máìkì mọ́ itan ara rẹ̀. "Ha! Ṣé èmi nìkan lẹ rí ní gbogbo Ìdúmọ̀tà yìí ni?"

Ta ló ń bá wí? Òun gan-an kò mọ̀. Inú ló ń bí i, inú náà sì ti ń bí i bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí ni, à bá ní iná ló pọ̀ jù. Ká ní ìgbà kejì ni, à bá ní ọjà ayédèrú ló kún ìgboro. Ṣùgbọ́n sípíkà Hàwáwù ti di àbíkú. Bó ṣe ń tún un ṣe ló ń kú, bó ṣe ń kú ló ń tún un ṣe, apá ti fẹ́ẹ̀ máa ro ó.

Ohun tó wá dẹ́rù bà á lọ́jọ́ náà kì í ṣe sípíkà. Bí nǹkan ṣe já nínú àpótí yẹn ni nǹkan ta á ní ọ̀fun, ṣín! Ó wúkọ́, ó tutọ́ sínú tíṣù. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò ju fọ́nrán òwú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni.

Kí ó tó ká tíṣù náà mọ́wọ́ tán, sípíkà òdìkejì ọ̀nà ti bú sọ́rọ̀. Ti Kàsímù ni, ará Ìjẹ̀bú, tó ń ta àgúnmu bíi tirẹ̀, tó sì jù ú lọ́jọ́ orí. "Ẹ yà síbí o! Ibi tí ohùn ti ń jáde ni oògùn wà!" Ó rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn oníbàárà Hàwáwù yí ọrùn, ẹsẹ̀ sì tẹ̀lé ọrùn.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Hàwáwù wo Kàsímù, ó wò ó títí. Ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sí lọ́jà. Ta ló fẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ obìnrin tí ohùn ara rẹ̀ ń kú lọ? Ohùn yẹn ló fi ń bọ́ Bilqis ọmọ rẹ̀, ohùn yẹn náà ló fi sin ìyá rẹ̀. Bó bá lọ, ó parí nìyẹn.

*

Hàwáwù kì í gbé sípíkà fún oníṣẹ́. Ẹ má bi í pé kí ló dé. Oníṣẹ́ á tú u, á ní kí o lọ kí o padà wá, ìwọ ò sì mọ ohun tó fi ránṣẹ́ sínú rẹ̀ kí o tó dé. Ọ̀tá kì í gba iwájú ilé wọlé. Nítorí náà ló ṣe lọ wo fídíò lórí fóònù, tó ń dá a ṣe fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lórí àpótí ìjókòó ìyá rẹ̀, tí àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní "Ẹnjiníà".

Ó fi bíléèdì ṣí ọmọrí kékeré àárín pépà. Ó yọ pépà náà, ó fa kọ́ìlì ìdí rẹ̀ jáde, waya pupa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n wé mọ́ ara. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Òórùn tó jáde níbẹ̀ kò jọ òórùn waya. Irun orí ló ń rùn. Hàwáwù ti jó kọ́ìlì rí, ó mọ òórùn rẹ̀, irú èyí kò sí ńbẹ̀.

"N kò ṣí ohùn rẹ̀ sókè!" Ó ń bá òfìfo sọ̀rọ̀. "Ìdajì ni mo ṣí i dé. Ìdajì péré!"

Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá náà, gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. "Hàwá, ìwọ àti ọgbọ́n fóònù yẹn. Ṣé waya ló ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Mo ti fẹ́ẹ̀ ṣe é tán, Àǹtí."

"O ti ń ṣe é tán láti ìgbà ìkómọjáde ọmọ Ganiat, ọmọ yẹn sì ti ń rìn báyìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Gbé e dìde, ká lọ sọ́dọ̀ Áfà Ṣàíbù."

*

Ilé Áfà Ṣàíbù wà nínú kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òpópónà Adéníji Adélé. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ wọ́n tan àtùpà nínú yàrá náà, nítorí ilé alájà tí wọ́n kọ́ yí i ká ti gba oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Áfà kò wo ojú Hàwáwù. Sípíkà ló gbà. Ó gbé etí lé òkú pépà náà bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Èmi ni, Áfà."

"Ìwọ nìkan?"

Áfà gbé sípíkà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó nu etí rẹ̀. "Ọ̀fun ni ọ̀rọ̀ yìí ń wá. Sípíkà ló wà níwájú, òun ló ń gbà á fún ẹ. Lọ́jọ́ tí kò bá sí níwájú mọ́ ńkọ́?"

Àǹtí Àbẹ̀ní káwọ́ lérí. Áfà kọ̀wé, ó ká a, ó fi awọ rán an, ó sì fi okùn sí i fún ìbàdí. "Tírà àdápadà nìyí. Ohun yòówù tó bá ń bọ̀, yóò padà."

"Padà sọ́dọ̀ ta, Áfà?"

"Ohun tí a bá ní kó padà, á wá ibi tó máa padà sí." Ó da omi sójú wàláà tó ti kọ ọ̀rọ̀ sí, ó fọ̀ ọ́ sínú ìgò kékeré. "Hàǹtú rẹ̀ rèé. Fi pa sípíkà lára."

Ẹ gbà mí! Obìnrin tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó ronú. Nígbà tó ra pépà tuntun àti kọ́ìlì tuntun, tó gé ọ̀já fíìmù ẹ̀ksíréè àtijọ́ sí àyíká kọ́ìlì kó lè dúró láàárín, tó lẹ̀ ẹ́, tó fi òkúta bátìrì kàn án tí pépà náà sì fò dáadáa, ó gbé ìgò hàǹtú, ó sì dà á lé e lórí látòkèdélẹ̀. Kò ṣẹ́ ìkán kan kù. Ó lo ìgò náà bí ẹni ń wẹ òkú.

Nígbà tó máa fi jí, pépà ti wú bí búrẹ́dì inú tíì, gọ́ọ̀mù ti yọ́, kọ́ìlì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pépà kò kúkú mọ hàǹtú yàtọ̀ sí omi òjò. Hàwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó sunkún tán, ó nu ojú, ó sì lọ ra òmíràn.

*

Èyí wá dúró. Tírà wà ní ìbàdí, sípíkà ń dún bí agogo, ọ̀fun kò ta á mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, bó ṣe ń kó ọjà sílẹ̀, ó gbọ́ ọ lódìkejì ọ̀nà: pàù! Èéfín yọ lórí sípíkà Kàsímù. Kàsímù di ọ̀fun mú, ó wúkọ́ títí ó fi tẹ̀ kòkòkò.

Inú Hàwáwù dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó dùn dé ibi tí kò dáa. "Ọwọ́ ti tẹ olè," ló sọ sínú, ó gbé máìkì, ó sì kígbe kọjá bó ṣe yẹ: "Ibi tí ohùn ti ń jáde ni oògùn wà o!"

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Kàsímù gba Ìjẹ̀bú lọ, ó bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó dé, sípíkà Hàwáwù bẹ́, pépà rẹ̀ sì ya sí méjì láti òkè délẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Ohùn Hàwáwù rọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, èémí ló fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Áfà, Áfà rán òmíràn mọ́ tírà náà, ó wúwo sí i. Sípíkà Kàsímù tún bẹ́. Kàsímù tún gba Ìjẹ̀bú lọ. Ti Hàwáwù tún bẹ́.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ó wá rẹ̀ ẹ́ débi pé bó bá rí bíléèdì àti gọ́ọ̀mù, ojú ló ń gbé kúrò níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ti jó níbi áyọ́ọ̀nù tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, èékánná rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù. A tún un ṣe, ó bàjẹ́, a tún un ṣe, ó bàjẹ́! Irú ìyà wo nìyí?

*

Ìrọ̀lẹ́ kan, láàárín Àsárì àti Mọ̀gàríbì, iná ti lọ, àgbàlá ti ń ṣú. Hàwáwù wà lórí àpótí ìjókòó ìyá rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó gbé nǹkan dúdú mọ́yà. Ẹ̀rù bà á, ó di bíléèdì mú.

"Sàlámù àlékùn, Hàwá."

Kàsímù ni. Bí kì í bá ṣe ojú rẹ̀ tó rí, kì bá tí mọ̀, nítorí ohùn rẹ̀ ti gbẹ bí ewé kòkó. Sípíkà tirẹ̀ ló gbé mọ́yà.

"Kí lẹ wá ṣe, Bọ̀dá Kàsímù?"

"Mo wá bẹ̀ ọ́." Ó gbé sípíkà sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún ẹ? Bó bá jẹ́ pé mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Bóo ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn. Ṣé torí ẹ̀rín lo fi fẹ́ gba ohùn mi?"

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀!"

"Mo fi Kùránì búra, n kò rán nǹkan kan sí ọ rí. Ìgbà tí tèmi kọ́kọ́ bẹ́ ni mo tó lọ sílé lọ gba èyí." Ó gbé ẹ̀wù sókè, òǹdè dúdú kan wà lára rẹ̀. "Àdápadà ni. Kò mọ̀ ju kó dá nǹkan padà lọ."

Nǹkan ṣí lórí Hàwáwù bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ ìbòrí. Tirẹ̀ náà, àdápadà ni, ó sì fi tírà ìbàdí rẹ̀ han Kàsímù. Kò sí ẹni tó rán nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ìgbà tí máìkì bá kọjú sí sípíkà: ohùn á wọlé, á jáde, á tún wọlé, á sì máa han lọ títí yóò fi ba nǹkan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

Ta ló wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Hàwáwù mọ̀. Sípíkà tó kọ́kọ́ bẹ́ pátápátá yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló wé kọ́ìlì rẹ̀, ó fi waya tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù wé e, ó sì ṣí áńpù tó ń gbé ohùn sókè dé òpin torí kó lè borí Kàsímù. Àwọn tó tẹ̀lé e ló di nǹkan mìíràn, ohùn tí òun fúnra rẹ̀ fi agbára rán jáde ló ń padà wá bá ọ̀fun rẹ̀. Ó la ẹnu kó sọ ọ́. Ó pa á dé.

"Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo," Kàsímù wí. "Ká jọ lọ jù wọ́n sómi."

*

Wọ́n bi Áfà. Ojú Áfà kò dáa nígbà tó ń dáhùn. "Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì wà lójú ọ̀nà báyìí, n kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ. Ẹ jọ jù ú lẹ́ẹ̀kan náà, á pòfo. Bí ẹnì kan bá sọ tiẹ̀ sílẹ̀ tí ẹnì kejì ṣì wọ tiẹ̀, ara ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò parí sí. Kò sì sí àdápadà fún ìyẹn."

Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

"O máa gbà á gbọ́?" Àǹtí Àbẹ̀ní béèrè nígbà tí wọ́n délé.

"Ó fi Kùránì búra, Àǹtí."

"Ta ni kì í fi Kùránì búra ní Ìdúmọ̀tà? Lánàá ó fi búra pé àgúnmu òun ń wo àtọ̀gbẹ. Bó bá ju awọ lásán sómi ńkọ́? Ta ni yóò máa pe oníbàárà wá ra oògùn fún ẹ? Ta ni yóò bọ́ Bilqis?"

Hàwáwù kò sùn dáadáa. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, ó gé awọ lára bàtà àtijọ́, ó rán an bí Áfà ṣe rán tirẹ̀. Ó fi àjákù pépà sípíkà kún inú rẹ̀, ó sì fi èérún máágínẹ́ẹ̀tì sí i kó lè rì. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó so èyí sí ìta. Ti òótọ́, ó so ó mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró, ó so ó le. "Bí tiẹ̀ bá jẹ́ òótọ́," ló sọ fún ara rẹ̀, "èmi náà á ju tèmi kí oòrùn tó wọ̀." Ó sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni tó gba ara rẹ̀ gbọ́.

*

Ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n dúró sí ní Marina. Oòrùn ń mú, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bojú wò wọ́n. Kàsímù wọ jálàbíà funfun. Ó tú òǹdè náà lára rẹ̀.

"Hàwá, ẹ̀rù ń bà mí," ó wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ó ń bà mí, Bọ̀dá."

"Olúwa á bo àṣírí wa. Bí mo bá ti pe Bìsìmílà tán, ká jọ jù ú."

Ó wo ojú Hàwáwù, ó sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ọjà. "Bìsìmílà."

Méjèèjì bọ́ sómi. Méjèèjì rì.

Afẹ́fẹ́ dúró. Omi tó ń rú létí ògiri dákẹ́ bí ẹni fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Nǹkan yí ní ìbàdí Hàwáwù, lábẹ́ ìró. Ó gbóná, ó yí lẹ́ẹ̀kan péré, bí ọmọ inú ṣe ń yí, ó sì tutù.

Kàsímù kọjú sí i. Ojú rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó gbé itọ́ mì, ó tún la ẹnu. Ó lu àyà, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé eruku ni, eruku Èkó yìí. Hàwáwù sáré lọ ra piọ-wọ́tà. Kàsímù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Hàwáwù mọ̀ nígbà náà pé òótọ́ ni Kàsímù ju tirẹ̀. Títí ọkùnrin yẹn fi mu omi náà tán ni Hàwáwù ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó mọ́ gaara ju bó ṣe wà rí lọ. Ọ̀rọ̀ ni kò sí.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ọjà tó kún, Kàsímù gbé sípíkà rẹ̀ wá sí ìsọ̀ Hàwáwù. Kò gbé e fún oníṣẹ́. Ó tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí Hàwáwù, ó sì fi ìka yí nǹkan lófuurufú: bá mi tún un ṣe. Ó gbà pé ohun tó kù nìyẹn. Ó gbà pé ọ̀fun òun á tẹ̀lé e.

Hàwáwù tú u. Ó yọ kọ́ìlì tó jó, ó fi tuntun sí i. Ó fi ọ̀já fíìmù sí àyíká rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, ó ní sùúrù kó gbẹ. Ó tẹ pépà náà pẹ̀lẹ́, kò ha. Ó fi bátìrì kàn án, ó fò. Láyé Hàwáwù, kò tíì ṣe sípíkà tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó so waya mọ́ áńpù, ó na máìkì sí i.

Kàsímù gbé máìkì sẹ́nu. Ó fa èémí sínú bó ṣe máa ń fà á kó tó pe oníbàárà.

"Hhhhhhh."

Ó jáde ketekete. Kò ha, kò gé, kò gbọ̀n. Gbogbo igun ọjà náà gbọ́ èémí Kàsímù, ó rọra ń lọ, ó rọra ń bọ̀, àwọn tó ń kọjá sì yíjú láti wo irú ọjà tí wọ́n ń polówó.

Kàsímù sọ máìkì kalẹ̀. Kò bínú. Ó wo Hàwáwù bí ẹni wo oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, tó kàn ṣe àṣìṣe díẹ̀. Ó fọwọ́ kan sípíkà, ó mi orí: kò tíì dáa. Ó tún fi ìka yí nǹkan lófuurufú. Tún un tú.

Hàwáwù wo sípíkà tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ó mú bíléèdì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.